Ìbéèrè Márùn-ún Bàbá Dírẹ́sà

Àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe ti lọ sí yunifásítì báyìí. Wọ́n ní ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn, wọ́n sì ní aago ọwọ́ tó ń sọ fún wọn bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù. Mi ò jowú wọn. Àmọ́ Bísọ́lá, ọmọ àbúrò mi, tó fẹ́ wọ iṣẹ́ náà, bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Àǹtí, kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ yín yìí gan-an?" Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí tí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, àwàdà ni àwa méjèèjì máa fi ṣe. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ lè bá a kà á.

Iṣẹ́ mi ò ju báyìí lọ. Eléré ìdárayá kan ṣubú, mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ bóyá kó máa bá eré lọ, tàbí kó jáde, tàbí ká máa gbé e lọ sọ́sìbítù. Tí mo bá ṣì í sọ, òun ló máa jìyà rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ohun tó wá mú un le ni pé ẹni tó ṣubú náà kì í fẹ́ sọ òótọ́, torí ó fẹ́ padà sínú eré. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi bá irọ́ àwọn eléré fà á, láti Ìlàsàn títí dé Ìbẹ̀jú. Ìgbà kan wà tí irọ́ náà borí mi.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe wọ iṣẹ́. Awakọ̀ ìjọba ni bàbá mi, ó sì rí fúláàtì gbà ní Jakáńdè, ní Ìlàsàn, nígbà tí mo ń parí sẹ́kọ́ńdìrì. Ìsàlẹ̀ ilé wa ni bàbá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Dírẹ́sà ń gbé. Ọgbẹ́ àwọn sójà ló ń tọ́jú kó tó fẹ̀yìn tì. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á gbé báàgì rẹ̀ lọ sí pápá oníyanrìn tó wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì, á máa tọ́jú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kan, ìka ọmọkùnrin kan yẹ̀ níwájú mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pariwo, wọ́n sá. Èmi di orí ọmọ náà mú kó má baà rí ìka ara rẹ̀. Bàbá dá ìka náà padà sáyè rẹ̀, ó wojú mi, ó ní, "Ìwọ tí o ò pariwo yìí, wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Ti owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbójú fò ó.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mi ò fi fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Kúlà ni mò ń rù. Tí èèyàn bá sì ṣubú lórí pápá wa nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan á ti fi eyín já omi inú ọ̀rá, á dà á sí i lórí. Òmíràn á di ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú, á máa gbé e sókè sódò bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ẹnì kẹta á máa fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Oore ni gbogbo wọn rò pé àwọn ń ṣe, kò sì sí èyí tó mọ ohun tó ṣe ẹni náà.

Bàbá Dírẹ́sà á lé gbogbo wọn dànù. Lẹ́yìn náà á yíjú sí mi: "Ọwọ́ lẹ́yìn!" Ìyẹn ni pé kí n ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí n dúró, kí n wò. Mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹni náà kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí. Òun náà á ká ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, àwa méjèèjì á dúró lórí ẹni tó ń jẹ̀rora bí àwọn tó wá wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà. Inú máa ń bí àwọn tó ń wòran. Wọ́n á ní ṣé a fẹ́ kí ọmọ náà kú ni. Bàbá ò dá wọn lóhùn rí.

Tí eré bá parí, ìdánwò dé. Ẹsẹ̀ wo ló fi balẹ̀? Ṣé kó tó balẹ̀ ló ti pariwo, àbí lẹ́yìn tó balẹ̀? Ọwọ́ wo ló fi di orúnkún mú? Tí mo bá kùnà ẹyọ kan, èmi ni mo máa ru kúlà náà lọ sílé tòun ti omi yìnyín tó ti yọ́ sínú rẹ̀, omi náà á sì máa ta sí mi lọ́rùn títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi. Lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́n lójú ara mi, mo fi òróró tó ń ta ra ọrùn ẹsẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú. Bàbá gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. "Ṣé o fẹ́ sè é ni, Rísí? Máa lọ sílé." Eré ò tíì dé ìdajì. Mo lọ sílé, mo sunkún, mo sì padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Yìnyín ni oògùn wa àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja dídì la ti ń gbà á, òórùn ẹja á sì bá ẹni tí a bá tọ́jú délé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Àǹtí Oníyìnyín. Páálí là ń ká mọ́ ọwọ́ tó bá kán. Pákó tí a tọrọ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá la fi ń gbé èèyàn.

Ti orí ló le jù. Ọwọ́ tó kán, o máa rí i. Ẹni tí orí rẹ̀ fara pa nínú lè máa rẹ́rìn-ín sí ọ. Fún ìyẹn, Bàbá Dírẹ́sà fún mi ní ìbéèrè márùn-ún, ó ní kí n há wọn sórí. Pápá wo la wà yìí? Háàfù wo la wà? Ta ló gbá gólù wọlé kẹ́yìn? Àwọn wo la bá gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣé a nà wọ́n? Ẹni tó bá kùnà ẹyọ kan ṣoṣo, kó bọ́ bàtà. Mo há wọn sórí. Bí Bàbá ṣe tò wọ́n ni èmi náà ń tò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tó yá, wọ́n mọ ògiri yí pápá wa ká, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì dé orí rẹ̀. Bàbá ti darúgbó, orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó sì fi báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ sí Ajáh, mo ń bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣiṣẹ́. Kóòṣì Làmídì ló ni ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin ọlọ́yàyà tó ń fi ohun gbogbo ṣàwàdà, àmọ́ tí kò lè fara da kí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jókòó sí bẹ́ńṣì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù láàárín wọn ni Sàdíìkù, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá rẹ̀ ń ta ike lọ́jà Ajáh.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a ní eré ní Lángbásà, èjẹ́ńtì kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù tó máa mú lọ sókè òkun sì wá wòran. Gbogbo wa la mọ ẹni tó wá wò. Háàfù kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Sàdíìkù fò sókè fún bọ́ọ̀lù, dífẹ́ńdà kan náà fò, orí sì gbá orí. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Kí n tó débẹ̀, kápútéènì ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ nǹkan sí i létí. Mo rò pé ó ń tù ú nínú ni.

Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo wo dúdú ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n dọ́gba. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

"Sàdíìkù, pápá wo la wà yìí?"

"Lángbásà, Àǹtí."

"Háàfù wo la wà?"

"Sẹ́kọ́ńdì háàfù."

"Ta ló gbá gólù wọlé kẹ́yìn?"

"Èmi ni nàù."

Kí n tó la ẹnu fún ìkẹrin, ó ti ní, "Ṣàngótẹ̀dó la bá gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá, a nà wọ́n ní méjì sí òdo."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àbí o ti di wòlíì ni?" Gbogbo wọn bá mi rẹ́rìn-ín. Kóòṣì Làmídì pariwo láti ìta pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó máa gbá bọ́ọ̀lù jàre, ọmọ yẹn strọ́ǹgì!"

"Mo wà kánpé, Àǹtí," ni Sàdíìkù wí.

Mo juwọ́ sí rẹfirí pé kí eré máa lọ. Títí dòní, tí mo bá dá nìkan jókòó, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún bí ogún ìṣẹ́jú sí i. Ó tiẹ̀ gbá ọ̀kan lu òpó, èjẹ́ńtì náà sì dìde dúró. Lẹ́yìn náà ló dúró sójú kan láàárín pápá, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Ó bì. Ó ṣubú. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dúdú ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fẹ̀ ju ti òsì lọ, mo sì pè é títí, kò dáhùn. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú agbárí rẹ̀.

Ẹnì kan ti ń gbé omi bọ̀. Kóòṣì ti di ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú. Mo pariwo mọ́ wọn títí ohùn mi fi há. Mo di orí àti ọrùn rẹ̀ mú gírígírí, wọ́n tú pákó bẹ́ńṣì kan, a tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, ọkọ̀ oníbúrẹ́dì kan tó ń kọjá ló sì gbé wa. Àárín búrẹ́dì gbígbóná ni mo kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mi ò lè jẹ búrẹ́dì gbígbóná mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nínú orí lọ́jọ́ náà gan-an. Ó yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ ò bọ̀ sípò tán, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já gaara, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò mọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tiẹ̀ rántí pé èmi ni mo gbá gólù."

"Báwo lo ṣe wá ń dá mi lóhùn?"

"A máa ń kà á ni. Kóòṣì ló máa ń jẹ́ ká tò ká tó wọ pápá, gbogbo wa á máa kà á bí ọmọ ilé kéú. Èyí tó bá jẹ́ ti gólù, kápútéènì á ti sọ ọ́ síni létí kí ẹ tó dé."

Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń yẹ orí wọn wò, àkọ́sórí ni mò ń gbọ́. Mo lọ bá Kóòṣì Làmídì, mo bú u débi tí kò fi lè ṣàwàdà. Àmọ́ èmi gan-an ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn ní ìdáhùn, torí mi ò yí ìbéèrè padà rí. Ọmọ náà tiẹ̀ dáhùn èyí tí mi ò tíì bi í, mo sì fi ṣe ẹ̀rín.

Mo lọ bá Bàbá Dírẹ́sà ní Jakáńdè, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé ó máa fi ọ̀rọ̀ nà mí. Ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀," ó ní. "Àárín àwọn sójà ni mo ti kọ́ ìbéèrè wọ̀nyẹn. Sójà tó fara pa, ọ̀nà tó máa gbà kúrò níbẹ̀ ló ń wá. Àwọn tìrẹ, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà padà síbẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mi ò rò ó débẹ̀."

"Bàbá, ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni?"

"Ta ló máa wá ṣe é? Làmídì?"

Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí tó jọ ìtùnú.

Ìyá Sàdíìkù ni mi ò lè wò lójú. Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń gbé ọsàn lọ sílé wọn. Á gbà á, á gbé e kalẹ̀, kò sì ní bá mi sọ ju ìkíni lọ. Ó lé lọ́dún kan tó fi rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Rísí, má gbé ọsàn wá mọ́. Ọmọ yìí ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ògiri ló ń wò. Ṣé gbígbá nìkan ló wà nídìí bọ́ọ̀lù ni? Mú un dání lọ síbi iṣẹ́ rẹ." Mo sunkún níwájú rẹ̀, kò sì ní kí n má sunkún.

Bí èmi àti Sàdíìkù ṣe di alábàáṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ kan ló fi kọ́ báńdéèjì dídì, ó sì ju ọ̀pọ̀ tó ń fi ọwọ́ méjì dì í lọ. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni pé kò sí irọ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúnkún pamọ́, tó bá ń so okùn bàtà tí kò tú, Sàdíìkù á ti fọwọ́ tọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, bíríkìlà kan tó wá láti Ọ̀ṣun, tó ń bá wọn kọ́lé ní Badóre, fi ọrùn ẹsẹ̀ tó ti kán gbá bọ́ọ̀lù títí eré fi fẹ́ parí, torí kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́. Èmi ò rí i. Sàdíìkù rí i, láti òdìkejì pápá.

A yí òfin padà. Ẹni tí nǹkan bá gbá lórí tó sì ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó dùbúlẹ̀, á jáde ni, ì báà máa ka oríkì bàbá rẹ̀ fún mi. Ìbéèrè ṣì wà, àmọ́ ká lè mọ bó ṣe yẹ ká yára tó láti gbé e lọ sọ́sìbítù ni, kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni padà. A sì ń yí i. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Sàdíìkù á ti lọ bá ọ̀rẹ́ tàbí ìyàwó àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀: kí ni ọ̀gbẹ́ni yìí jẹ láàárọ̀, ta ló gbé e wá? Kò sí kóòṣì tó lè kọ́ wọn ní ìyẹn. Wọ́n bú mi gan-an o. Wọ́n ní mo ń ba ọjọ́ iwájú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Wọ́n ju ọ̀rá omi lù mí létí pápá kan ní Ìbẹ̀jú, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ti ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Mo nu ara mi, ẹni tí mo ní kó jáde sì jáde. Ní ti Kóòṣì Làmídì, kò bẹ̀ mí rí, àmọ́ gbogbo ààwẹ̀ ló ń gbé ìrẹsì lọ fún Ìyá Sàdíìkù.

Irinṣẹ́ náà yí padà. Pápá oníyanrìn di koríko oníke tí iná yí ká nínú ẹ́sítéètì. A bọ́ lọ́wọ́ pákó, a ní ibùsùn tí a fi ń gbé èèyàn àti ohun tí a fi ń de ọrùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá tó ń fi iná ta ọkàn jí, ohùn obìnrin òyìnbó kan sì ń sọ ohun tí a máa ṣe láti inú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Sàdíìkù ò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Gbogbo rẹ̀ dára. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ ẹni tó ń purọ́.

Ó ku ìdí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Níparí ọdún tó kọjá, a wà níbi eré kan ní Thomas Estate. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣí kúlà, mi ò wo ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá tagbáratagbára bà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, mo sì fi orí lu irin tí wọ́n fi sé pápá. Nígbà tí mo lajú, Sàdíìkù ni mo rí. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn kan ti ń gbé omi bọ̀, ó lé wọn.

"Àǹtí, níbo la wà?"

"Thomas Estate. Yẹ̀ lọ́nà fún mi jàre."

"Ta ló gbá gólù wọlé kẹ́yìn?"

Mi ò mọ̀. Àmọ́ mo rí agbábọ́ọ̀lù kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fọwọ́ tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. "Aláṣọ pupa yẹn ni," mo ní.

Sàdíìkù ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò lè ká tán lé orí eékún. "Kí lèmi àtẹ̀yin jọ jẹ láàárọ̀ yìí?"

Mo wá a káàkiri inú orí mi, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá jáde lọ́jọ́ orí mi yìí, mi ò ní padà wọlé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bínú sí àwọn tó ń purọ́ fún mi látorí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì wà lẹ́nu èmi náà ni, "Mo wà kánpé." Mo ti la ẹnu báyìí. Sàdíìkù ṣì ń wò mí, ó ń dúró.

"Mi ò mọ̀, Sàdíìkù," mo ní. "Mi ò rántí."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí."

Ó dìde, ó kọjú sí rẹfirí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, òsì ò ga tó ọ̀tún, ó ń yí wọn po bí a ṣe máa ń ṣe tí ẹnì kan bá fẹ́ jáde. Ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín la jẹ. Nínú ọkọ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó lè dì í mú. Orí mi ti bọ̀ sípò báyìí, àmọ́ báàgì Bàbá Dírẹ́sà ò padà sọ́wọ́ mi, mi ò sì béèrè rẹ̀. Bísọ́lá, ọ̀dọ̀ Sàdíìkù ni kí o lọ. Ó máa ní kí o kọ́kọ́ ká ọwọ́ sẹ́yìn.